Omi ò gbàgbé ọ̀nà ẹ̀! Ohun táwọn onímọ̀ rí nínú igbó Mọ́níyà tó kan gbogbo ará Ìwó Road

Ejẹ́ńtì tó mú mi lọ wo yàrá náà ò jẹ́ kí n mí. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wo inú ẹ̀ dáadáa o. Rúùmù àti pálọ̀ ni, ilé ìdáná wà nínú, ilé ìwẹ̀ wà nínú, ẹ ò ní í bá ẹnikẹ́ni tò síta. Ìwó Road sì nìyẹn lọ́ọ̀ọ́kán yìí, kẹ́ ẹ tó làágùn lẹ ti máa débi tẹ́ ẹ ti fẹ́ wọ mọ́tò." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn, bó ṣe ń ṣílẹ̀kùn ló ń ki ilé náà bí ẹni ń ki ọba.

Owó tó pè é ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, torí ó kéré jù. Ẹni tó bá ń wá ilé n'Íbàdàn lásìkò yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí báwọn onílé ṣe máa gbé irú yàrá yẹn fúnni lówó pọ́ọ́kú tí ọ̀rọ̀ kan ò ní í wà nídìí ẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ògiri. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n kùn ún, ṣùgbọ́n ibi tó wọnú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, búrọ́ọ̀ṣì ò débẹ̀ dáadáa, níbẹ̀ ni mo ti rí ìlà kan tó pọ́n bí amọ̀, ó lọ gbọọrọ bí ìgbà téèyàn fi rúlà fà á, ó sì ga ju orúnkún mi lọ. Mo bi ejẹ́ńtì pé kí lèyí. Ó ní ọ̀rinrin lásán ni.

Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yìn fẹ́ńsì ni odò kékeré kan wà. Kò tiẹ̀ yẹ ní ohun téèyàn ń pè lódò lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀ yẹn, bọ́mọ ọdún mẹ́wàá bá sáré díẹ̀, yóò fò ó kọjá. Ọ̀rá, ike omi, páńpásì ọmọdé ló kún ibẹ̀, iyanrìn sì ti dí i dé ìdajì. Kò sí igi kan ṣoṣo létí ẹ̀. Ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, fẹ́ńsì ẹlòmíràn tiẹ̀ ti ń tẹ omi náà lẹ́sẹ̀.

Mi ò sọ pé mi ò gbà á o. Tálákà kì í tètè kọ ohun tó pọ́ọ́kú. Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta. Nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo jókòó ti àwọn ìwé táwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti kọ nípa igbó àti odò ní agbègbè wa yìí, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni mo ní kí n wá bá ẹ̀yin èèyàn wa sọ, torí ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ yàrá kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ìtàn. Lọ́jọ́ Sunday, 31 August, 1980, òjò kan rọ̀ n'Íbàdàn tí àwọn àgbàlagbà ò jẹ́ gbàgbé láéláé. Odò Ògùnpa kún àkúnya, ó wọ́ ilé, ó wọ́ mọ́tò, ó wọ́ èèyàn lọ. Kódà ọgbà ẹranko tó wà l'Ágodi, tí kò jìnnà sí Ìwó Road rárá, ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, omi náà ló gbá ọ̀pọ̀ ẹranko ibẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà lorúkọ Ògùnpa ti di ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé.

Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, lọ́jọ́ Friday, 26 August, 2011, òmíràn tún dé. Ìwọ̀n òjò tó rọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan lọ́jọ́ náà lé ní 187 mílímítà, àwọn tó kú sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà náà. Ohun tí mo rántí jù ni bí omi ṣe gbé afárá lọ táwọn èèyàn wá ń wo ara wọn láti òdìkejì, tí ẹni tó wà níbí ò lè délé, tí ẹni tó wà lọ́hùn-ún ò lè débi iṣẹ́.

Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá bi léèrè ohun tó fà á, yóò sọ fún yín pé ìdọ̀tí ni. Wọn ò parọ́. Àwọn tó ń da ilẹ̀ sódò pọ̀ n'Íbàdàn, ẹlòmíràn tiẹ̀ máa ń dúró kí òjò ṣú kó tó gbé garawa ìdọ̀tí ẹ̀ jáde, bí ẹni pé òjò ni kólẹ̀kólẹ̀ tó gbà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ìdọ̀tí. Ìdajì tó kù, inú igbó ló wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Òjóò kọjá lọ sọ́nà Ọ̀yọ́, ẹ ó ti rí ọgbà ńlá kan lápá Mọ́níyà tí wọ́n mọ fẹ́ńsì yí ká, IITA ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti máa ṣèwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ní tó 1,000 hẹ́kítà, hẹ́kítà kan sì jẹ́ bíi éékà méjì àtààbọ̀. Abúlé àti oko pọ̀ lórí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó dé. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn kúrò, tí ẹnikẹ́ni ò dáko mọ́ ní apá kan ibẹ̀, igbó padà hù fúnra ẹ̀, ó sì ti di igbó kìjikìji báyìí, nǹkan bíi 350 hẹ́kítà. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó pupa lórí, tó dúdú lára, tó jọ ẹ̀gà, orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi sọ ọ́, *Malimbus ibadanensis*. Ọ̀gbẹ́ni Elgood ló kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1958. Kò sí ibòmíràn láyé tó ń gbé ju apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà yìí lọ. Ẹyẹ tó ń jẹ́ Ìbàdàn, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ò sì gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí! Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ọmọ ilẹ̀ Índíà kan tó ń jẹ́ Rattan Lal ṣiṣẹ́ ní IITA láti ọdún 1970 títí di 1987. Ilẹ̀ ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí, bí òjò ṣe ń rọ̀ sí i, bó ṣe ń ṣàn lọ. Lọ́dún 2020 ni wọ́n fún un ní World Food Prize, ẹ̀bùn tó ga jù lágbàáyé nídìí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Iṣẹ́ tó jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n, Ìbàdàn níbí ló ti ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pín igbó kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ro apá kan bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń ro oko, ìyẹn ni pé àdá àti ọkọ́ ni wọ́n lò, wọ́n sì fi àwọn igi ńlá kan sílẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ṣán òmíràn pátápátá. Wọ́n wá gbé katapílà wọ ibòmíràn, ó ń ti igi wó, ó ń hú gbòǹgbò, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n fi tírákítọ̀ kọ ilẹ̀ náà. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbé ohun tí wọ́n fi ń wọn omi àti iyẹ̀pẹ̀ sí, kí wọ́n lè mọ iye tó bá òjò lọ.

Ẹ wá gbọ́ o. Lórí ilẹ̀ táwọn bàbá wa ì bá ro bẹ́ẹ̀, omi tó ṣàn kúrò lórí ẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta lọ. Lórí èyí tí katapílà hú tí tírákítọ̀ kọ, ó lé díẹ̀ ní 250 mílímítà. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa bó ṣe yẹ, ẹ jẹ́ ká fi táńkà omi tí wọ́n ń tà ládùúgbò ṣírò ẹ̀, èyí tó ń gba lítà 10,000. Lórí hẹ́kítà kan, táńkà mẹ́ta ló ṣàn kúrò lórí oko ìbílẹ̀. Èyí tó ṣàn kúrò lórí ilẹ̀ katapílà jẹ́ táńkà 250! Òjò kan náà ló rọ̀ o, ìlú kan náà ni. Ti iyẹ̀pẹ̀ tún wá burú jùyẹn lọ. Èyí tó bá omi lọ lórí oko ìbílẹ̀ jẹ́ bíi kìlò mẹ́wàá, ìyẹn ò ju ẹ̀kún korobá kan lọ. Ti ilẹ̀ katapílà súnmọ́ 20 tọ́ọ̀nù. Ẹrù típà ńlá kan nìyẹn, lórí hẹ́kítà kan péré, lọ́dún kan péré.

Iyanrìn tí mo rí nínú odò ẹ̀yìn fẹ́ńsì yẹn, ibi tó ti wá nìyẹn. Ilẹ̀ ẹlòmíràn ni, tí wọ́n fi katapílà hú lókè níbi kan, bóyá torí pé wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ́sítéètì síbẹ̀.

Kí ni igi ń ṣe fún òjò gan-an? Àwọn onímọ̀ ní ewé ló kọ́kọ́ ń gba òjò lọ́wọ́, tí kì í jẹ́ kó ja ilẹ̀ lu. Ewé tó ti wọ́ sílẹ̀ tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Nísàlẹ̀ ewé yẹn ni ekòló ń gbé, ó ń lu ilẹ̀ níhò, gbòǹgbò náà ń lu ilẹ̀ níhò, inú àwọn ihò yìí lomi ń rì sí. Yóò wá máa jáde díẹ̀díẹ̀ létí odò, fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tú ilẹ̀ síta tí òjò ń nà án láìsí ohun tó bò ó, ojú ilẹ̀ á di bí ìgbà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Omi ò ráyè wọlé mọ́. Ṣe ló máa sáré gba ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ. Ìbàdàn tí wọ́n kọ́ sórí òkè àti inú àfonífojì yìí, ẹ wo bí ìsàlẹ̀ ṣe pọ̀ tó níbẹ̀.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni wọ́n ti rí i. L'Ámẹ́ríkà, níbì kan tí wọ́n ń pè ní Hubbard Brook, àwọn onímọ̀ gé gbogbo igi tó yí odò kékeré kan ká lọ́dún 1965, wọn ò sì jẹ́ kí nǹkan kan hù padà níbẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta. Lọ́dún àkọ́kọ́, omi odò náà fi nǹkan bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, oúnjẹ ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá omi lọ wàràwàrà.

Àwọn kan á ní ṣebí igi wà káàkiri, pé gmelina àti tíìkì tíjọba gbìn sí Gambari àti Olókèméjì ńkọ́? Igi ò jọra o. Ewé tíìkì fẹ̀ bí abọ́, omi máa ń kó jọ sórí ẹ̀ títí yóò fi tóbi, ìgbà tó bá já bọ́, ó wúwo ju òjò gan-an lọ. Bí wọ́n bá wá dáná sun abẹ́ ẹ̀ lọ́dọọdún, ilẹ̀ ibẹ̀ á wà níhòòhò ni. Igbó tí onírúurú igi ńlá àti kékeré wà nínú ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ tá à ń wí yìí dáadáa.

Olókèméjì tí mo dárúkọ yìí tún ní ìtàn tiẹ̀. Àárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ló wà, ọdún 1899 ni wọ́n ti ya igbó náà sọ́tọ̀, ó wà lára àwọn tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1929, àwọn òyìnbó ẹ̀ka igbó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan níbẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ sí mẹ́ta. Wọ́n ń dáná sun ọ̀kan ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ táútáú. Wọ́n ń sun ìkejì níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Wọn ò jẹ́ kíná dé ìkẹta rárá. Nígbà tó fi máa di ọgbọ̀n ọdún, èyí tí iná ò dé ti di igbó, èèyàn ò rí ọ̀run níbẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di ọ̀dàn, koríko gíga àti igi tó ti mọ́ iná lára nìkan ló kù. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn. Ìṣáná ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ rántí èyí nígbà tẹ́ ẹ bá rí èéfín lọ́nà Ìsẹ́yìn nínú oṣù kejì ọdún.

Èmi ò sì fẹ́ káwọn onímọ̀ máa bú àwọn elédùú. Ìyàwó ilé tó ń ra èédú lẹ́bàá Ìwó Road mọ̀ pé gáàsì ti kọjá agbára òun. Ẹni tó ń sun èédú l'Ókè-Ògùn, ọmọ ẹ̀ ló fẹ́ san owó ilé ìwé fún. Ìwádìí tó bá sọ pé kí wọ́n má gé igi, tí kò sọ ohun tí wọ́n máa jẹ, ìdajì ìwádìí ni. Ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó, FRIN, wà ní Jericho níbí láti ọdún 1954, àwọn ọmọwé tó wà níbẹ̀ mọ igi tó ń tètè dàgbà fún ìdáná, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Ṣùgbọ́n láti Jericho dé ọ̀dọ̀ elédùú jìn ju bí mọ́tò ṣe ń rìn lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ omi mímu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń rí omi ẹ̀rọ ìjọba lápá ibí yìí, ṣé ẹ mọ ibi tó ti ń wá? Omi Aṣéjírè ni, lójú ọ̀nà Ifẹ̀, odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ti Ẹlẹ́yẹlé ti wà ṣáájú ẹ̀, lọ́dún 1942, lórí odò Ọ̀nà. Láti ilẹ̀ Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń ṣàn bọ̀, gbogbo igbó tí wọ́n bá gé, gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bá wà létí ẹ̀ lọ́hùn-ún, iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ń bọ̀ wá jókòó sí Aṣéjírè ni. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i níbẹ̀ ni àyè omi á ṣe máa dín kù, bẹ́ẹ̀ lówó kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú omi á máa lọ sókè. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun ṣì dúró létí odò náà, 75 hẹ́kítà, àjọ UNESCO gbé e sórí ìwé wọn lọ́dún 2005. Òrìṣà ló gba igbó yẹn là, àti Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó bá àwọn olóòṣà jà fún un títí tó fi kú lọ́dún 2009. Ìgbàgbọ́ tèmi yàtọ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí n sọ òótọ́: èèwọ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí òfin ìjọba kò ti ṣiṣẹ́.

Odò fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ rántí lámilámi, tá a máa ń lé kiri nígbà tá a wà lọ́mọdé? Inú omi ló ti ń dàgbà kó tó níyẹ̀ẹ́. Ewé tó bá já bọ́ láti orí igi etí odò loúnjẹ àwọn kòkòrò kéékèèké inú omi, àwọn kòkòrò yìí loúnjẹ ẹja. Òjìji igi sì ni kì í jẹ́ kí omi gbóná, omi tó bá gbóná kì í ní afẹ́fẹ́ tó. Ìdí nìyí táwọn onímọ̀ fi máa ń ka kòkòrò inú odò bí dókítà ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ibi tí wọ́n bá ti rí oríṣiríṣi, ara odò náà le. Ibi tó bá jẹ́ pé kòkòrò pupa tó ń gbé nínú ẹrẹ̀ dídọ̀tí nìkan ló kù, ó ti ń ṣàìsàn. Ẹja àrọ̀ máa ń rára gbà á díẹ̀ torí ó lè yọrí mí afẹ́fẹ́ òkè, àwọn tó kù ò lágbára ẹ̀. Mo dúró létí odò ẹ̀yìn fẹ́ńsì yẹn fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀fọn nìkan ló kí mi káàbọ̀.

Lẹ́yìn omíyalé 2011, ìjọba Ajímọ̀bi wó ilé tó wà létí odò, ariwo ta. Báńkì Àgbáyé náà wá fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2014 fún iṣẹ́ omíyalé Ìbàdàn, wọ́n ṣe afárá, wọ́n ṣe ojú odò. Iṣẹ́ tó dáa ni, mi ò ní í ṣe àìmoore. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi kọnkéré rẹ́ ojú odò lókè, ṣe lomi á tún sáré sí i, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló máa gbà á lálejò. Ohun táwọn onímọ̀ ń sọ kárí ayé ni pé kí wọ́n fi igi sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì odò, nǹkan bíi ọgbọ̀n mítà ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, kó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti gẹ̀rẹ́. Ọgbọ̀n mítà! Ní Ìwó Road tí plọ́ọ̀tì kan ti di góòlù, ta ni yóò fi ilẹ̀ tó tó yẹn sílẹ̀ fún igi? Bẹ́ẹ̀ ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ọ̀hún, omi ló ni ín lọ́jọ́ tó bá dé.

Nígbà tọ́jọ́ mẹ́ta pé, mo pe ejẹ́ńtì náà. Kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ó ní kí n má bínú, wọ́n ti gba yàrá náà. Mo bi í pé ta ló gbà á. Ó ní ìyá kan ni, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́ta, tó ń ta bùrẹ́dì ní páàkì. Mo bi í bóyá ó sọ fún obìnrin náà nípa ìlà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ti kun ibẹ̀ báyìí. Kò hàn mọ́."